Títa Kókó Sáàárín Péálì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Ẹni tó ti mọ ìlẹ̀kẹ̀ sín àmọ́ tí kò tíì ta kókó sáàárín péálì rí ni mo kọ èyí fún, àti ẹni tó ti gbìyànjú rẹ̀ tí kókó rẹ̀ kàn ń dúró síbi tó bá wù ú. Kókó fúnra rẹ̀ kò ṣòro, ọmọdé tó lè so okùn bàtà á ta á. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí òwú bá ihò péálì mu, kí kókó sì fún síbi tí ẹ fẹ́ kó fún sí. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀, inú ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni wọ́n ti wá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ta kókó sáàárín péálì? Ṣé a ò kàn lè sín in bí ìlẹ̀kẹ̀ yòókù ni?

A lè sín in lásán, kò sí ẹni tó máa mú wa. Àmọ́ ara péálì rọ̀ ju ti òkúta lọ dáadáa. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, láti 1 dé 10, àárín 2.5 sí 4.5 ni péálì wà, nígbà tí òkúta líle tí wọ́n ń pè ní quartz wà ní 7. Bí péálì méjì bá ń fara gbo ara wọn nígbàkígbà tí ẹni tó wọ̀ wọ́n bá yí ọrùn, etí ihò wọn ni ìpele dídán tó bò wọ́n á ti kọ́kọ́ máa bó. Kókó ló ń là wọ́n.

Yàtọ̀ síyẹn, ọjọ́ tí òwú bá já, péálì kan, ó pẹ́ tán méjì, ló máa bọ́ sílẹ̀. Ìyókù á dúró sórí òwú. Ẹni tó ti wá péálì kiri abẹ́ àga rí kò nílò àlàyé lórí èyí. Kókó tún máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbà ọrùn rọ̀, kó sùn sí àyà bó ṣe yẹ, torí pé àyè díẹ̀ wà láàárín péálì kan àti èkejì.

Kí ni mo máa rà kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Òwú sílíìkì, abẹ́rẹ́ wáyà lílọ́ tó tín-ín-rín (ọ̀pọ̀ òwú tí wọ́n wé sórí páálí ti ní abẹ́rẹ́ tiwọn lára), ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ńlá kan tó ní orí tí ọwọ́ lè dì mú, sísọ́ọ̀sì tó mú gan-an, gọ́ọ̀mù ẹlẹ́nu tín-ín-rín, húùkù tó ń so ẹnu ẹ̀gbà pọ̀, gimp (wáyà rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí màá ṣàlàyé níbi tí a ti ń so húùkù), àti aṣọ onírun tí ẹ máa tẹ́ sórí tábìlì kí péálì má bàa yí lọ. Ó tán.

Mo rí irinṣẹ́ kan tó ń ta kókó fúnra rẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Irinṣẹ́ náà wà, ó sì ń ṣiṣẹ́: ẹ gbé ojóbó kọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò ti apá kan rẹ̀ sókè, kókó á sì fún mọ́ péálì. Ẹni tó ń sín ẹ̀gbà púpọ̀ láti tà á jàǹfààní rẹ̀. Ní tèmi, mi ò ní gba ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ níyànjú kó fi bẹ̀rẹ̀. Ìka yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí òwú ṣe ń ṣe nígbà tí kókó fẹ́ fún, kí ẹ lè mọ ohun tó fà á nígbà tí nǹkan bá yí. Ẹni tí irinṣẹ́ bá ti ń bá ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kókó bá kọ̀ tí kò fún dáadáa, á kàn máa wo irinṣẹ́ lójú ni.

Péálì wo ni kí n fi kọ́ ọ?

Ẹ má fi péálì gidi kọ́ ọ. Ẹ wá péálì oníjígí tó rí roboto, tó tó mìlímítà 8, kí ẹ sì lo òwú tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti péálì náà, bí òwú dúdú lára péálì funfun. Kò ní rẹwà, àmọ́ ẹ ó rí gbogbo kókó kedere: èyí tó fún mọ́ péálì, èyí tó jìnnà, èyí tó tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí àwọ̀ òwú bá bá péálì mu, àṣìṣe yín á fara pa mọ́, ẹ ò sì ní rí ohun tó yẹ kí ẹ tún ṣe.

Ẹ̀gbà ọwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ dípò ẹ̀gbà ọrùn. Ó kúrú, ẹ ó tètè dé ìparí rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí yìí gan-an ló sì ń fún èèyàn ní wàhálà jù.

Òwú sílíìkì tàbí òwú náílọ́ọ̀nù?

Sílíìkì fún péálì. Ó rọ̀, ó máa ń wọ́ lẹ̀ dáadáa, kókó rẹ̀ sì máa ń di ara rẹ̀ mú tí kì í tú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń nà bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ó sì máa ń fa omi, òógùn àti ìdọ̀tí mọ́ra. Náílọ́ọ̀nù lágbára jù ú lọ, kì í tètè gbó, àmọ́ ó máa ń le lọ́wọ́, ẹ̀gbà tí wọ́n fi sín kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ibi tí mo ti máa ń yan náílọ́ọ̀nù ni orí òkúta wúwo tí etí ihò rẹ̀ mú, torí irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń gé sílíìkì.

Ní ti okùn ìpẹja àti wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò, ẹ gbàgbé wọn fún iṣẹ́ yìí. Wọn kì í gba kókó tó wúlò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ bí òwú ṣe yẹ kó nípọn tó?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lórí ojú ìwé yìí. Òwú gbọ́dọ̀ lè gba inú ihò péálì kọjá lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, òwú máa padà gba inú àwọn péálì kan. Lẹ́sẹ̀ kan náà, kókó tí ẹ bá fi òwú yẹn ta kò gbọ́dọ̀ lè wọnú ihò náà. Bí òwú bá tín-ín-rín jù, kókó á rì sínú ihò, péálì á sì padà máa gbo ara wọn bíi pé ẹ ò ta nǹkan kan. Bó bá nípọn jù, ẹ ò ní lè padà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá dé ibi húùkù.

Ọ̀pọ̀ òwú sílíìkì orí páálí ní nọ́ńbà. Lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Griffin, fún àpẹẹrẹ, nọ́ńbà 2 jẹ́ mìlímítà 0.45, nọ́ńbà 4 jẹ́ 0.60, nọ́ńbà 6 jẹ́ 0.70, nọ́ńbà 8 sì jẹ́ 0.80. Àwọn mìíràn máa ń lo lẹ́tà, nítorí náà, ẹ má gbára lé nọ́ńbà nìkan bí ẹ bá pààrọ̀ ibi tí ẹ ti ń ra òwú. Ìwọ̀n mìlímítà ni kí ẹ máa wò.

Ẹ má sì ṣe fi bí péálì ṣe tóbi tó yan òwú. Ihò ni kí ẹ wò. Péálì méjì tí wọ́n jọ tó mìlímítà 7 lè ní ihò tí kò dọ́gba rárá, ihò péálì inú odò sì sábà máa ń kéré ju ti inú òkun. Ẹ mú péálì mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti oríṣiríṣi apá ẹ̀gbà, ẹ ta kókó sí ìdí òwú, ẹ fà á mọ́ ihò wọn. Bó bá wọlé, ẹ lọ sí òwú tó tóbi jù ú lọ. Bí kò bá wọlé, ẹ ṣẹ́ òwú po méjì, ẹ wò ó bóyá á gba inú ihò náà kọjá. Bí ó bá yege nínú ìdánwò méjèèjì, òwú yín nìyẹn.

Òwú mélòó ni kí n gé?

Bó bá jẹ́ òwú ẹyọ kan lẹ fẹ́ lò, òwú orí páálí tó jẹ́ mítà 2 á tó ẹ̀gbà ọrùn íǹṣì 18, á sì ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ òwú tí a ṣẹ́ po méjì, ẹ gé ìlọ́po márùn-ún gígùn tí ẹ fẹ́ kí ẹ̀gbà náà ní. Ó sàn kí òwú ṣẹ́kù ju kó tán nígbà tó ku péálì mẹ́ta.

Ẹ má gbàgbé pé kókó máa ń fi kún gígùn ẹ̀gbà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: péálì 58 tó jẹ́ mìlímítà 7, tí a tò lásán, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ íǹṣì 16. Bí kókó kọ̀ọ̀kan bá gba mìlímítà 1, kókó 57 tó wà láàárín wọn ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.7 kún un, ìyẹn sì ju íǹṣì 2 lọ. A ò tíì ka húùkù. Torí náà, ẹni tó ra péálì íǹṣì 16 tó sì fẹ́ kí ẹ̀gbà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16 gan-an ní láti yọ péálì díẹ̀ sílẹ̀.

Ṣé ó pọn dandan kí n na òwú kí n tó lò ó?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ sílíìkì. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ kúrò lórí páálí, ẹ fi ọwọ́ tó tutù díẹ̀ fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí gbogbo ibi tó ti ṣẹ́ lè tọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ so nǹkan tó wúwo díẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ di ọjọ́ kejì. Òwú tí ẹ ò bá nà, ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa nà án. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ó máa rí òwú lásán láàárín kókó àti péálì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ta kókó náà gan-an.

Kókó ẹyọ kan lásán ni, irú èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ má ta á ní méjì-méjì. Ọwọ́ òsì ló ń di péálì mú, ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ (ẹni tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì á yí i padà).

Ẹ ti péálì títí tó fi kan kókó tó ṣáájú rẹ̀, kó má sí àyè kankan. Ẹ fi òwú tó ṣẹ́kù yí ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ká lẹ́ẹ̀kan kí ó di ojóbó, kí ẹ wá ju gbogbo péálì tí ẹ ti sín gba inú ojóbó náà kọjá. Àwọn kan máa ń fa abẹ́rẹ́ àti òwú gígùn gba inú rẹ̀ dípò péálì. Abájáde rẹ̀ ò yàtọ̀, àmọ́ òwú gígùn tí ẹ ń fà lọ fà bọ̀ ní ìgbà àádọ́ta á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun kí ẹ tó parí. Péálì ni kí ẹ jù.

Ẹ ti wá ní ojóbó tó tú sílẹ̀ báyìí. Ẹ kó ìka yín kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ ńlá bọ inú rẹ̀. Ẹ rọra fa òwú títí ojóbó á fi kéré mọ́ abẹ́rẹ́ náà lára, àmọ́ kí ó ṣì lè yọ̀ lórí rẹ̀. Ibí yìí ni ẹ ti máa darí kókó: ẹ fi abẹ́rẹ́ náà wọ́ ojóbó lọ sọ́dọ̀ péálì, kí òwú tó wà lọ́wọ́ yín sì máa tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ ló ń rìn, òwú kàn ń tẹ̀ lé e ni. Nígbà tí ẹnu abẹ́rẹ́ bá kan ihò péálì, ẹ fa òwú kí ojóbó fún mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ ṣóńṣó, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ péálì, kí ẹ sì rọra yọ abẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe ń fa òwú lọ. Kókó á fún síbẹ̀ ní kíákíá. Ẹ fi èékánná tì í lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bó bá jẹ́ ẹ̀mú lẹ ń lò, ẹ fi ẹnu ẹ̀mú gba inú ojóbó, ẹ fi mú òwú níbi tó ti jáde látinú péálì gẹ́lẹ́, ẹ sì fa ojóbó títí á fi fún mọ́ ẹnu ẹ̀mú. Bí ẹ bá yọ ẹ̀mú, ojóbó á yọ̀ bọ́ sórí òwú níbi tí ẹ̀mú ti dì í mú. Ọ̀nà ẹ̀mú ni mo fẹ́ràn jù fún péálì kéékèèké.

Bí òwú yín bá jẹ́ méjì, ẹ̀bùn kan wà níbẹ̀: lẹ́yìn tí kókó bá ti fún tán, ẹ mú òwú kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ kan kí ẹ fà wọ́n ya ara wọn. Èyí máa ń ti kókó wọ ẹ̀gbẹ́ péálì sí i.

Kókó mi máa ń jìnnà sí péálì ní gbogbo ìgbà. Kí ló ń fà á?

Ẹ ń fa òwú kí abẹ́rẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ péálì. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, òun ni. Ojóbó ti fún mọ́ abẹ́rẹ́ ní agbedeméjì ọ̀nà, kò lè yọ̀ mọ́, ẹ sì wá ń fi tipá tì í. Ẹ jẹ́ kí ó tú díẹ̀ títí dé etí ihò. Ohun mìíràn tó lè fà á ni òwú tó ti hu irun, torí ojóbó kì í yọ̀ dáadáa lórí rẹ̀.

Ṣé mo lè tú kókó tí kò dáa?

Bí kò bá tíì fún pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tín-ín-rín méjì wọ àárín rẹ̀, kí ẹ fà wọ́n lọ sí òdìkejì ara wọn díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ kókó sílíìkì tó ti fún dáadáa kì í fẹ́ tú, bí ẹ bá sì fipá tú u, ibẹ̀ á hu irun, ibẹ̀ náà ló sì máa kọ́kọ́ já lọ́jọ́ iwájú. Nígbà míì, ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu jù ni kí ẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Òwú kò wọ́n tó péálì.

Ẹ̀gbà mi le gbagidi, kò rọ̀ sílẹ̀.

Ẹ fún kókó pọ̀ jù mọ́ péálì, tàbí kẹ̀, òwú kún inú ihò jù. Péálì gbọ́dọ̀ lè yí lórí òwú bí ẹ bá fi ìka yí i. Ẹ fi gígùn ẹ̀gbà náà kọ́ láàárín ìka méjì: bó bá tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùpá tuntun láìṣẹ́ níbì kankan, ó dáa.

Báwo ni mo ṣe máa so húùkù mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí?

Ọ̀nà tí àwọn tó mọṣẹ́ ń gbà ni kí wọ́n fi gimp bo òwú níbi tó ti kan húùkù. Gimp jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká rọ́bọ́tọ́ títí tó fi rí bíi ọ̀pá onihò tó rọ̀. Òwú máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí irin húùkù má bàa máa rẹ́ òwú. Ẹ gé e ní nǹkan bíi mìlímítà 6 fún apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi sùúrù mú un. Bí ẹ bá fà á nà lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà sípò mọ́, òmíràn lẹ máa gé.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sín péálì mẹ́ta sórí òwú láìta kókó. Ẹ sín gimp tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà húùkù. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ lọ sí apá ìdí òwú títí ìrù tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10 á fi ṣẹ́kù. Ẹ wá yí abẹ́rẹ́ padà, ẹ fi gba inú péálì tó sún mọ́ húùkù jù, kí ẹ sì fa òwú títí gimp á fi ká bí òrùka kékeré mọ́ ojú húùkù. Níbi tí òwú ti jáde, láàárín péálì kìíní àti èkejì, ìrù wà, òwú abẹ́rẹ́ náà sì wà. Ẹ fi òwú abẹ́rẹ́ ta kókó yí ìrù ká. Ẹ gba inú péálì kejì kọjá, ẹ tún ta kókó. Ẹ gba inú ẹ̀kẹta, ẹ ta òmíràn. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ fi ìrù sílẹ̀, kí ẹ máa sín péálì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa ta kókó bí mo ṣe ṣàlàyé lókè.

Ìparí ni ìdàkejì rẹ̀. Nígbà tó bá ku péálì mẹ́ta, ẹ dá kókó dúró. Ẹ sín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gimp, àti apá kejì húùkù, ẹ padà gba inú péálì tó kẹ́yìn, ẹ ta kókó yí òwú àkọ́kọ́ ká, ẹ gba inú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ tún ta á, títí ẹ ó fi kọjá ẹ̀kẹta. Ohun tó máa ń ṣòro níbí ni pé, àyè tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín péálì mẹ́ta yẹn gbọ́dọ̀ tó gba kókó, kò sì gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó fa òwú fún, ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ apá tí ẹ ti ta kókó sí, kí ẹ sì fi ojú wọn àyè náà. Bí ẹ bá fà á tán kí ẹ tó rántí, péálì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lẹ̀ mọ́ ara wọn, kókó ò sì ní ríbi wọ̀.

Ṣé kò sí ọ̀nà tó rọrùn ju ti gimp lọ?

Ó wà. Irin kékeré kan wà tó rí bí ìkarahun méjì tó ṣí sílẹ̀, tó ní ihò nísàlẹ̀ àti ìkọ́ lókè. Òwú á gba inú ihò rẹ̀, ẹ ó ta kókó méjì tàbí mẹ́ta sínú rẹ̀, ẹ ó kán gọ́ọ̀mù sí i, ẹ ó gé òwú, kí ẹ tó pa á dé, kí ẹ sì fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ húùkù. Ó yá, kò gba pé kí òwú padà gba inú péálì kankan, nítorí náà ó wúlò bí ihò péálì bá kéré. Ẹ̀gbà tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó sanwó gidi, gimp ni màá lò fún un.

Gọ́ọ̀mù wo ló dára?

Èyí tó máa ń rọ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ, tí ẹnu ike rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ẹ sá fún gọ́ọ̀mù tó ń lẹ nǹkan pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, torí ó máa ń mú kí sílíìkì gan, òwú tó bá gan á sì ṣẹ́ ní etí kókó. Kókó ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí nìkan ni ẹ máa kán an sí, ẹ̀kán kékeré. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó gé ìrù òwú. Kókó àárín kò nílò gọ́ọ̀mù rárá.

Abẹ́rẹ́ ò gba inú péálì kan kọjá. Ṣé kí n fipá tì í?

Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá eruku péálì ló dí i, ẹ fi abẹ́rẹ́ lásán gbọ́n ọn jáde. Bó bá jẹ́ pé ihò ló kéré lóòótọ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi èérún dáyámọ́ńdì bò, èyí tí wọ́n fi ń fẹ ihò ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi péálì àti irin náà sínú omi díẹ̀, kí ẹ máa yí irin náà pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ ṣe é láti apá kan dé ìdajì, kí ẹ wá yí péálì padà láti ṣe apá kejì. Bí ẹ bá lọ tààrà láti ẹ̀gbẹ́ kan já sí èkejì, etí ihò níbi tí irin ti jáde lè fọ́. Omi ló ń mú kí ó má gbóná, òun náà ni kì í jẹ́ kí eruku fò wọ imú yín, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fa eruku péálì símú. Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ láti yí irin náà, kí ó jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí wáyà iná wà lára rẹ̀ sún mọ́ omi.

Péálì mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta ìparí nìkan ló sábà máa ń nílò èyí, torí àwọn ni òwú gba inú wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Péálì mi ò dọ́gba, àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré. Báwo ni kí n ṣe tò wọ́n?

Ẹ tò gbogbo wọn sílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kan ọ̀kankan. Pákó tó ní ojú ọ̀nà jíjìn fún títo ìlẹ̀kẹ̀ dára, àmọ́ aṣọ ìnura tí ẹ ṣẹ́ po á ṣe é. Èyí tó tóbi jù ló máa wà láàárín, ẹ wá wá ìkejì fún péálì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, títí dé ibi húùkù. Bí ẹ bá rò pé ẹ ti tò ó tán, ẹ dìde, ẹ lọ ṣe nǹkan míì, kí ẹ padà wá wò ó. Ojú tó bá ti sinmi ló máa ń rí èyí tí kò bá ẹgbẹ́ mu.

Gígùn ẹ̀gbà ọrùn wo ló wọ́pọ̀?

Íǹṣì 16 máa ń wà ní ìdí ọrùn, 18 máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí egungun èjìká, 20 sí 24 máa ń dé àyà, 28 sí 36 gùn tó láti wé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wọn ọrùn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó gba èyíkéyìí gbọ́ nínú wọn.

Péálì tí wọ́n ń sìn nínú omi, ṣé péálì gidi ni?

Gidi ni. Inú ìṣáwùrú ló ti dàgbà. Ènìyàn ló kàn dá sí i kó lè bẹ̀rẹ̀. Ní 1893 ni Mikimoto Kōkichi ti Japáànù rí péálì nínú ìṣáwùrú tó ń sìn, ìdajì péálì sì ni, kì í ṣe roboto. Èyí tó rí roboto dé lẹ́yìn náà. Lónìí, péálì tí wọ́n ń sìn ló pọ̀ jù nínú péálì tó wà lọ́jà. Fún ẹni tó ń ta kókó, ìyàtọ̀ tó kàn án ni ìyàtọ̀ láàárín péálì àti ayédèrú oníjígí tàbí oníke: ẹ rọra fi méjì gbo ara wọn. Ti gidi máa ń ṣe ṣákaṣàka bíi pé iyanrìn kíkúnná wà lára rẹ̀, ayédèrú sì máa ń yọ̀. Ẹ tún lè wo etí ihò, torí pé ọ̀dà ayédèrú sábà máa ń ti bó níbẹ̀.

Àwọ̀ òwú wo ló yẹ?

Èyí tó bá péálì mu. Àwọ̀ wàrà fún péálì aláwọ̀ wàrà, àwọ̀ eérú fún péálì dúdú ti Tàhítì. Òwú funfun báláú lára péálì tó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ máa ń jẹ́ kí péálì náà dà bí ohun tó dọ̀tí.

Ìgbà wo ló yẹ kí n tún ẹ̀gbà sín?

Bí wọ́n bá ń wọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Àmì tí ẹ máa wò ni òwú tó ti dúdú níbi kókó, àyè tó ti là láàárín kókó àti péálì, àti irun lára òwú níbi húùkù. Ẹ sọ fún ẹni tó rà á pé kó fín lọ́fínńdà kó sì kun ìpara tán kó tó wọ péálì, kó sì bọ́ ọ kó tó wẹ̀. Kí ó fi aṣọ rírọ̀ nù ún lẹ́yìn tó bá bọ́ ọ, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ dípò kó gbé e kọ́, torí gbígbé kọ́ máa ń na òwú.

Wọ́n gbé ẹ̀gbà àtijọ́ kan wá fún mi láti tún sín. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ ka péálì rẹ̀ lójú ẹni tó ni ín, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sínú ojú ọ̀nà pákó tàbí àárín aṣọ ìnura, kí ẹ máa gé òwú láàárín kókó àti péálì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti apá kan lọ sí èkejì. Ẹnu sísọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ kan péálì. Bí kókó bá rì sínú ihò, ẹ fi ẹ̀mú fà á jáde láti ẹ̀gbẹ́ tó ti wọlé, ẹ má tì í kọjá. Péálì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní ipò rẹ̀, torí pé ẹni tó kọ́kọ́ tò ó ti yan èyí tó bá ìkejì rẹ̀ mu. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí inú ihò wọn gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tún dán òwú tuntun wò nínú ihò wọn. Ihò tí òwú ti ń gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti fẹ̀ sí i, òwú tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀ sì lè má tó o mọ́.